Obìnrin Tó Jókòó Lókè Sinimá

Ọjọ́ Ajé, 15 September

Wọ́n ti dá mi lóhùn. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀, kí n wọ bàtà tí kò ní dún, kí n má kun nǹkan kan sójú. Iṣẹ́ extra ni, àwọn tó máa ń rìn kọjá lẹ́yìn nínú fíìmù. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì nígbà ooru. Mo rìn kọjá lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó rí mi.

Mardiyah tó ń gbé lókè wa ní òun ò ní class lọ́jọ́ náà, òun á mú Adéìfẹ́. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó dá a lójú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀ now. Ọmọ ọdún méjì àbọ̀ ni, kì í ṣe kìnnìún." Mo kọ nọ́ńbà poison control, àwọn tí wọ́n ń pè tí ọmọ bá gbé májèlé jẹ, sára fíríìjì ẹ̀. Ó wò mí.

Àná ni Máyọ̀wá ọkọ mi padà sí camp iṣẹ́ ẹ̀ ní Fort McMurray. Ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ́hùn-ún, ọjọ́ méje nílé. Tó bá ti lọ báyìí, èmi àti furnace tó ń mú ilé gbóná la kù tá à ń sọ̀rọ̀ nínú basement, ilé abẹ́ ilẹ̀ yìí. Adéìfẹ́ náà ń sọ̀rọ̀ o, àmọ́ "no" ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18 September

Mo ti ba nǹkan jẹ́, tàbí mo ti tún un ṣe. Mi ò tíì mọ èwo.

Sinimá àtijọ́ kan láàárín ìlú Calgary ni wọ́n ti ń ya á. Fíìmù náà dá lórí ọkùnrin dúdú kan, Amos Tyree, tó ń ṣeré ní Hollywood láti ìgbà tí fíìmù ò tíì ní ohùn. Agbáwo ni wọ́n máa ń fi í ṣe, tàbí ẹni tó ń gbẹ́rù fún èrò rélùwéè. Àwa òǹwòran tó ọgọ́ta. Wọ́n kó àwa dúdú lọ sókè, torí òkè ni wọ́n máa ń jẹ́ kí dúdú jókòó láyé ìgbà yẹn. Obìnrin gíga kan tó jókòó tì mí ní, "So even for pretend." A rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Kò sí nǹkan kan lójú sinimá náà. Aṣọ funfun lásán. Ọkùnrin kan dúró nísàlẹ̀, ó ń pariwo ohun tó yẹ ká máa rí: "Amos gbé tíréè wọlé! Ó ń rẹ́rìn-ín! Olè ti yọ lẹ́yìn ẹ̀, ìbọn wà lọ́wọ́ olè!" Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé kí ẹnikẹ́ni má lo ohùn, ká kàn máa la ẹnu. Mo gbọ́ ìkìlọ̀ náà dáadáa. Àmọ́ nígbà tó ní olè ti gbé ìbọn sókè, mo rí ara mi lórí ìdúró, mo nawọ́, mo kígbe, "Wẹ̀yìn ẹ! Ọkùnrin yìí, wẹ̀yìn ẹ!"

Gbogbo wọn yíjú sókè wò mí. Bí a ṣe ń wo fíìmù nílé wa nìyẹn. Bàbá mi lè bá òṣèré jà títí iná á fi lọ.

Dàríkítọ̀ fúnra ẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá bá mi. Obìnrin kékeré ni, ewú ti bo orí ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mi ò bínú. Kí lo sọ?" Mo túmọ̀ ẹ̀ fún un. Ó wò mí títí, ó ní kí n tún un ṣe láìlo ohùn, kí kámẹ́rà sún mọ́ mi.

Nígbà tá a parí, Caroline, ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú irun, wá ya orí mi ní fọ́tò: iwájú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìpàkọ́. Kòlẹ́sẹ̀ tí Anti Àrínọlá, onídìrí wa, dì fún mi ni. Ó ní irun obìnrin alágbàfọ̀ ayé ìgbà yẹn gan-an nìyí, kí n má fọwọ́ kàn án títí wọ́n á fi ya ibi tèmi tán. "Promise me," ó ní. Mo ṣèlérí, mo tún fọwọ́ síwèé.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 September

Wọ́n pè. Mi ò kí ń ṣe ẹni tó ń rìn kọjá mọ́. Èmi ni obìnrin tó jókòó lókè sinimá. Wọ́n á máa fi mí hàn bí mo ṣe ń wo fíìmù Amos kan tẹ̀ lé òmíràn, láti ọdún dé ọdún. Níparí, fíìmù ẹ̀ tó kẹ́yìn á tán, orúkọ àwọn òṣèré á máa gòkè lójú sinimá, tiẹ̀ ò ní sí níbẹ̀. Èmi á wá sọ gbólóhùn kan: "That man's name is Amos Tyree."

Gbólóhùn kan péré. Tí mo bá sọ ọ́, mo di òṣèré lójú ìwé nìyẹn, wọ́n á sì kọ orúkọ mi síparí fíìmù. Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, mo padà sáàárín àwọn tí kò lórúkọ. Obìnrin tó pè mí lórí fóònù ní tèmi ni, "unless something changes." Látàárọ̀ ni mo ti ń wí "unless" yẹn sínú.

Mo pe Máyọ̀wá. Network ń já. Ó ní, "Ẹn-ẹ́n, kí ni wọ́n wá ní kó o máa ṣe?" Mo ní obìnrin tó ń wòran. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Rẹ̀mí, ìwọ tó jẹ́ pé ojú wíńdò lo máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́! Wọ́n kàn fẹ́ máa sanwó ẹ̀ fún ẹ ni." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ dúró lójú wíńdò náà. Ẹsẹ̀ èèyàn nìkan la máa ń rí láti basement.

Ọjọ́rú, 24 September

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Beltline lọ wọn aṣọ. Bàbá tó ń ṣe Amos wà níbẹ̀, wọ́n á tó ẹni àádọ́rin ọdún. Kí n tó mọ̀, mo ti kúnlẹ̀. Làwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wá ilẹ̀ pẹ̀lú mi. "What did we lose?" Caroline rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé mò ń kí wọn ni. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó kí àwọn bẹ́ẹ̀ rí láyé, ṣé mo lè tún un ṣe? Mo tún un ṣe. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn lórúkọ. Ẹnu mi ò gbà á. "Daddy" ni mò ń pè wọ́n lójú wọn. Nínú ìwé yìí, Bàbá Amos ni wọ́n ń jẹ́.

Ẹ̀yìn Edmonton ni wọ́n ti wá. Láti Oklahoma ni àwọn baba ńlá wọn ti kó wá, ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Mo béèrè bóyá òtútù ò wá jẹ́ nǹkan kan mọ́ fún wọn. Wọ́n ní ọdọọdún ló ń ya àwọn lẹ́nu.

Bí aránṣọ ṣe ń wọn kóòtù fún wọn, wọ́n ń sọ ìtàn Amos fún mi. Abọ́ ló ń fọ̀ nílé oúnjẹ àwọn onífíìmù. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó yẹ kó gbé tíréè ò wá, wọ́n fa Amos jáde tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́. Ó gbé tíréè náà, kò sì rí i gbé sílẹ̀ mọ́ fún ogún ọdún. Fíìmù mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mẹ́ta péré ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí. Nígbà tí fíìmù ò ní ohùn, wọ́n ní kó máa la ojú gbàdà bí ẹni tó rí iwin. Nígbà tí ohùn dé, wọ́n ní ohùn ẹ̀ ti wúwo jù fún agbáwo, kó máa fi imú sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹ̀ ló ṣe.

"Ṣùgbọ́n wo eléyìí." Wọ́n dìde pẹ̀lú píìnì lára aṣọ, wọ́n rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rìn bọ̀. Wọ́n tún lọ, ìrìn ọ̀tọ̀. Ìgbà kẹta, ọ̀tọ̀ ni. Amos ò jẹ́ kí agbáwo méjì rìn bákan náà rí. Eyín ń dun ọ̀kan. Ọ̀kan, ìyàwó ẹ̀ ń rọbí nílé, kò sì gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i.

Wọ́n nawọ́ sí mi. "Àfi ẹnì kan lókè níbẹ̀. Obìnrin tìẹ yẹn. Nítorí náà, fún un ní àṣírí kan tí kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 September

Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà méjì ní iye tí wọn ì bá fi fún mi ní odindi ìdì kan nílé. Ọ̀kan ti rà nínú. Lọ́la ni Máyọ̀wá ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 2 October

Ọjọ́ kejì níbi iṣẹ́. Máyọ̀wá ló mú ọmọ. Oorun ló ń sùn tó bá kọ́kọ́ dé, mi ò lè bá a wí, iṣẹ́ yẹn ń pa á. Mo ní kó má sùn lónìí. Mo pè é nígbà mẹ́rin. Ìgbà kẹrin, ó ní, "Ọmọ wà láyé, Rẹ̀mí. Èmi náà wà láyé. Lọ wòran ẹ."

Bàbá Amos wá jókòó tì mí níbi oúnjẹ. "Àṣírí wo lo fún un?"

Mo ní, "Ó fi ọmọ kékeré sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò, ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀."

"Ìwọ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wá òmíràn. Ìyẹn á wá fúnra ẹ̀, ò báà má pè é."

Inú train ni mo ti rí àṣírí náà, kó tó dé Martindale tí mo ti ń sọ̀kalẹ̀. Obìnrin náà ò ní ẹni kankan nílùú yẹn. Amos nìkan lẹni tí obìnrin náà mọ ọjọ́ tó máa dé. Tí fíìmù tuntun bá ti wọlé, ó máa ń wẹ̀, ó máa ń wọ aṣọ tó dáa, kó tó lọ jókòó sókè lọ wò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 October

Máyọ̀wá ti padà láti ọjọ́ Àìkú. Mo lọ fọwọ́ síwèé kan ní Beltline, mi ò pẹ́. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, mo gbọ́ tí Adéìfẹ́ ń pe Mardiyah ní "Mummy." Mardiyah ní, "No o, I'm Aunty. Mummy ń bọ̀." Ó ní, "No. Mummy." Nígbà tó rí mi, ó sáré wá dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo kí Mardiyah bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, òun náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9 October

Irun yìí ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Ó ń yún mí dé ọpọlọ. Mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí ara mi. Adéìfẹ́ rò pé eré ni, ó wá bá mi gbá a.

Ọjọ́ Àìkú, 12 October

Ọlọ́run mi.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni. Anti Àrínọlá rí mi. Àwọn ló ń dirun fún gbogbo wa, nínú pálọ̀ wọn ní Martindale.

"Rẹ̀mílẹ́kún! Wá níbí. Irun kí nìyí?"

"Anti, ẹ̀yin náà lẹ dì í."

"Èmi? Lọ́dún wo? Ọkọ ẹ ń bọ̀ ní Sunday tó ń bọ̀, kó wá bá ìtẹ́ ẹyẹ lórí ẹ? Wọ mọ́tò."

Nígbà tá a dé ilé wọn, mo ní, "Anti, níbi iṣẹ́ mi, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án o."

Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ fọwọ́ kàn án ni? Èmi ni." Gbogbo àwọn tó wà ní pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ti jókòó sáàárín orúnkún wọn, ìlàrun ti wọlé. Ta ló ń dìde kúrò láàárín orúnkún ẹni tó jù ú lọ? Mo ní màá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, wọ́n ń fi òróró pa mí lórí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìrẹsì tó wà lórí iná, ọwọ́ wọn gbóná. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan orí mi. Mo sùn lọ.

Nígbà tí mo jí, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ti wà lórí mi, ó ń dán. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ajé, 13 October

Thanksgiving, ọjọ́ ìsinmi ni níbí. Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́, mi ò lè pe ẹnikẹ́ni. Mo gbé gèlè lé e níwájú dígí, mo ń bi ara mi bóyá wọ́n á mọ̀. Wọ́n á mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 October

Mo pe Caroline, mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Oh, honey. No." Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní àǹtí mi ló tú u. Ó ní, "O ò kàn sọ fún un pé rárá ni?" Báwo ni màá ṣe ṣàlàyé ìyẹn fún Caroline.

Ó ṣàlàyé tiẹ̀ fún mi. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ ya ojú mi nítòsí, fún ọjọ́ tí mo kígbe yẹn gan-an. Èèyàn ò lè ní kòlẹ́sẹ̀ nígbà tó na ọwọ́, kó wá ní ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ nígbà tó la ẹnu. Kò sì sẹ́nì kan lọ́dọ̀ wọn tó mọ kòlẹ́sẹ̀ dì.

Aago kan kọjá díẹ̀, obìnrin orí fóònù pè. Tí irun mi ò bá bá fọ́tò mu ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n á gbé ibi tèmi fún obìnrin gíga tó jókòó tì mí, wọ́n á tún ọjọ́ àkọ́kọ́ yà. Obìnrin gíga yẹn ti ka gbólóhùn náà fún dàríkítọ̀. Ilé ìwé eré ló ti jáde. Èmi ò kọjá WAEC.

Ọjọ́rú, 15 October

Mo gbé Adéìfẹ́ sínú kẹ̀kẹ́ ẹ̀, a rìn dé Martindale. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Anti Àrínọlá. Wọ́n fi ṣíbí sílẹ̀.

"Ṣé èmi ni mo ba iṣẹ́ ẹ jẹ́?"

"Rárá o, Anti."

"Dá mi lóhùn dáadáa."

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Kí ló dé tó ò dìde?"

"Ẹ̀yin lẹ mú mi lórí."

"Kó o ti ké! Ìwọ tó o lè kígbe mọ́ aṣọ funfun!" Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá ní, "Aago mélòó ni wọ́n ń ṣí ibẹ̀?"

Ọjọ́bọ̀, 16 October

Anti gbé àpótí ìjókòó tiwọn wá, wọ́n gbé ìlàrun wá, wọ́n gbé òróró wá, bíi pé abúlé la ń lọ. Caroline ti lẹ fọ́tò orí mi mọ́ dígí. Anti wọ gíláàsì, wọ́n ka ojú irun náà. "Mẹ́sàn-án. Eléyìí wọ́, lọ́wọ́ òsì. Fóònù ló ń dún lọ́jọ́ yẹn." Wọ́n dì í, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ti ọwọ́ òsì wọ́. Kò tó wákàtí kan.

Caroline ní ó rẹwà. Ó ní ó ti rẹwà jù, irun ọjọ́ pípẹ́ ló yẹ kó jẹ́. Ló bá mú aṣọ kan, ó fẹ́ máa fi ra orí mi kó lè hu bí irun tó ti gbó. Anti di ọwọ́ ẹ̀ mú.

"Madam. What is this?"

Caroline ṣàlàyé. Anti kọjú sí mi. "Kí gbogbo ayé máa wo èyí, kí wọ́n ní Àrínọlá ló dì í?"

Caroline gbọ́ orúkọ wọn, ó rò pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ nìyẹn, ó ní inú òun á dùn láti fi orúkọ wọn síparí fíìmù.

"Orúkọ mi kẹ̀? Lábẹ́ èyí? Rẹ̀mílẹ́kún, sọ fún un kó má dán an wò!"

Wọ́n kọjú sí ògiri. Caroline ń ra orí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Anti bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kejì. Ni wọ́n bá gba aṣọ lọ́wọ́ ẹ̀. "Kì í rí bẹ́ẹ̀! Etí ìrọ̀rí ló máa ń bà á jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ ń hu, lẹ́yìn náà iwájú. Àárín kì í tètè hu. Mú wá." Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sọ iṣẹ́ wọn di ògbólógbòó. Wọ́n ń kẹ́dùn bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Dàríkítọ̀ gbé fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ó wò ó, ó wò mí. Ó ní ó dáa. A ya ojú mi. Mo béèrè nípa gbólóhùn yẹn. Ó ní òun á ronú sí i.

Ọjọ́ Ajé, 20 October

Snow, ó ti bo wíńdò dé ìdajì. Máyọ̀wá wà nílé, fóònù ò dún. Mò ń sọ gbólóhùn náà nígbà tí mò ń fọ abọ́. Adéìfẹ́ nawọ́ sí bàbá ẹ̀ tó ń sùn lórí àga, ó ní, "That man's name!" Ó gbàgbé ìyókù.

Nígbà tó jí, Máyọ̀wá ní, "Tí wọn ò bá wá fún ẹ ńkọ́? Ṣé ayé á parí ni?"

Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹn-ẹ́n." Ó rò pé òun tù mí nínú ni. Mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé láti ọdún mẹ́ta tá a ti dé ìlú yìí, èyí nìkan ni nǹkan tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi tí kì í ṣe nọ́ńbà ìwé mi.

Ọjọ́rú, 22 October

Ọjọ́ ìkẹyìn Bàbá Amos. Níbi iṣẹ́ yìí, tí òṣèré bá parí èyí tó kẹ́yìn tiẹ̀, ẹnì kan á pariwo orúkọ ẹ̀, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn títí. Bàbá Amos ṣì gbé tíréè dání, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí.

Dàríkítọ̀ sọ fún mi bó ṣe ń kọjá, kò tilẹ̀ dúró: "Friday is yours." Orí mi fò lọ. Obìnrin gíga náà gbọ́. Ó ní, "Don't you mess it up, o. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí." Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lè sọ "o." Ará Jamaica ni.

Bàbá Amos ń lọ sílé lọ́la. Mo ní, "Daddy, ta ni mo máa wá sọ ọ́ fún?" Wọ́n ní aṣọ funfun. Mo ní kò dáa kí wọ́n má sí níbẹ̀. Wọ́n ní, "Amos náà ò sí níbẹ̀." Mo kúnlẹ̀ dágbére. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Caroline pariwo látòkèèrè pé kí wọ́n má ba irun jẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 October

Wọ́n kun ewú fún mi, wọ́n fa ìlà sí mi lójú kí n lè dà bí arúgbó. Mo rí ìyá mi nínú dígí, mo gbójú kúrò.

Ìgbà àkọ́kọ́, ohùn mi gbọ̀n. Ìkejì, mo pariwo bí ẹni ń ta búrẹ́dì. Ìkẹta, ìkẹrin, ẹnì kan wúkọ́ nísàlẹ̀. Ìkarùn-ún, mo gbàgbé Tyree. Mo gbọ́ tí ọkùnrin kámẹ́rà mí kanlẹ̀. Ìkẹfà, mo sọ ọ́ láìṣì í sọ, dàríkítọ̀ sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó gun òkè wá. Ó ní, "Ò ń sọ ọ́ fún gbogbo ilé. Gbogbo ilé ò béèrè. Wá ẹnì kan."

Mo wo aṣọ funfun. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀, orí lásán ni mo rí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ni mo ti rò pé fún Amos ni obìnrin yìí ń sọ̀rọ̀. Amos mọ orúkọ ara ẹ̀.

Ìkeje. Wọ́n pariwo pé orúkọ ń gòkè, orúkọ ń gòkè, ó ti tán. Mi ò dìde bí wọ́n ṣe ní kí n dìde. Mo yíjú sí obìnrin gíga tó jókòó tì mí, bí èèyàn ṣe máa fi ará ilé ẹ̀ han àlejò, mo rọra sọ ọ́. "That man's name is Amos Tyree."

Wọn ò kọ ọ̀rọ̀ kankan fún un. Ó kàn wò mí lójú, ó ní, "Is that so?"

Mo ní, "Yes, ma."

Kò sẹ́ni tó ní ká dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà dàríkítọ̀ ní òun ti rí i, òun ò fẹ́ òmíràn.

Wọ́n pariwo orúkọ mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó pariwo ẹ̀ ti wá bi mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é, ó gbìyànjú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ojú sí, mo bá wọn pàtẹ́wọ́.

Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù kan wá: bí mo ṣe fẹ́ kí orúkọ mi jáde níparí fíìmù. Mo di báírò mú. Tí mo bá ṣe dáadáa nílé, Àníkẹ́ ni ìyá mi máa ń pè mí. Máyọ̀wá ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n ní Calgary. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀. Mo wá rò ó pé ojú ẹni tí kò mọ̀ mí ni wọ́n máa gbé e sí, wọn ò sì ní mọ bí wọ́n ṣe ń pè é kí ara èèyàn rọlẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún Ọláoyè ni mo kọ.

Wọ́n ti fọ ewú kúrò lórí mi, àmọ́ kò tán. Nínú train, kò ju èmi àti ọkùnrin kan tó fi nǹkan dí etí lọ lápá ibi tí mo jókòó sí. Òde ti funfun láti ibi kan dé ibi kan. Mo pe ara mi wò. Mo ní, "Káre, Àníkẹ́."

Ọkùnrin náà yọ nǹkan etí ẹ̀. Ó ní, "Sorry?"

Mo ní kì í ṣe òun ni mò ń bá wí. Ó tún dí etí ẹ̀.